Ẹ̀jẹ̀ Gìgísẹ̀ Ọmọ Tuntun: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín Lórí Àwọn Amish

Nínú ìwé wa ti oṣù tó kọjá, ìlà méjì péré ni mo fi mẹ́nu ba àwọn Amish, ìjọ onígbàgbọ́ kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pé ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń fi ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ ọmọ tuntun wá àrùn àjogúnbá kí àrùn náà tó fojú hàn. Ìlà méjì náà ló kó lẹ́tà wá bá mi. Mẹ́rin nínú wọn nìyí. Mo gé wọn kúrú, mo sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì wa. Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni mò ń gbé, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ọjọ́ tí n kì í bá ẹṣin àwọn Amish pàdé lójú ọ̀nà. Wọn kì í wa mọ́tò, wọn kì í fa iná ìjọba wọlé, ọmọ wọn kì í kàwé kọjá ọdún kẹjọ. Báwo ni irú àwọn bẹ́ẹ̀ ṣe gbà kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò nítorí jíìnì? Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló ń fẹ́ra wọn, pé òun ló fà á tí àrùn fi pọ̀ láàárín wọn. Ṣé òótọ́ ni? (Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Pennsylvania)

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kúrò nílẹ̀, nítorí irọ́ ni. Ìjọ Amish kò gbà kí ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò fẹ́ra wọn. Ìdí ọ̀rọ̀ náà jìn ju ìyẹn lọ. Ní 1693 ni Jakob Ammann àti àwọn tó tẹ̀ lé e ya kúrò lára àwọn onígbàgbọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn ní Switzerland àti Alsace, nígbà tó sì di ọ̀rúndún kejìdínlógún, inúnibíni lé púpọ̀ nínú wọn sọdá òkun wá sí Pennsylvania. Àwọn tó jẹ́ orísun ìran Amish tó wà ní agbègbè Lancaster ní Pennsylvania lónìí kò ju nǹkan bí igba ènìyàn lọ nígbà náà. Ẹ wò ó báyìí: bí àgbẹ̀ bá kó igba èbù iṣu lọ sí oko tuntun, tí kò sì gba èbù mìíràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti ìgbà náà, àbùkù tó bá fara pamọ́ sínú èbù méjì tàbí mẹ́ta yóò ti tàn ká oko lẹ́yìn ìran mẹ́wàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣu oko náà ta dáadáa tí ó sì pọ̀ rẹpẹtẹ. Amish ti lé ní 380,000 lónìí. Ọmọ ni wọ́n fi ń pọ̀, àjèjì tó ń wọ ìjọ wọn kò tó nǹkan.

Ọ̀nà tí àbùkù náà fi ń di àrùn kò ṣàjèjì sí wa. Bí AS méjì ṣe ń fẹ́ra tí ọmọ fi ń di SS náà ni: bàbá ru ẹyọ kan, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ìyá ru ẹyọ kan, ara tirẹ̀ náà dá ṣáṣá, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní sì ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti kó méjèèjì pọ̀. Victor McKusick, ti yunifásítì Johns Hopkins, ló kọ́kọ́ fara balẹ̀ kọ àwọn àrùn wọn sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ọ̀kan nínú èyí tó kọ nípa rẹ̀ ní 1964 máa ń sọ ọmọ di kúkúrú, ó máa ń bá ọkàn jà, ó sì máa ń fi ìka kún ìka. Bó bá ṣe ọ̀dọ̀ wa ni, Olúgbódi ni à bá sọ ọmọ náà, à bá ṣorò rẹ̀, a kò sì ní rántí bèèrè bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù.

Àrùn tó bí àyẹ̀wò ọmọ tuntun láàárín wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní glutaric aciduria, ẹ̀yà kìíní, tí wọ́n gé kúrú sí GA1. Ara ọmọ tó ní in kò lè fọ́ lysine, èròjà kan tó wà nínú purotéènì, nítorí náà májèlé ń kó jọ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò jókòó, yóò gbá nǹkan mú. Ibà lásán, tàbí ìgbẹ́ gbuuru, yóò wá kọ lù ú kó tó pé ọdún méjì, láàárín wákàtí díẹ̀ apá ọpọlọ tó ń darí ìrìn àti ọwọ́ yóò bàjẹ́, kò sì ní sí oògùn tí yóò dá a padà. Ọrùn tó ti dúró yóò tún rọ̀. Àwọn dókítà máa ń sọ pé ìbí ló bá a lọ́pọlọ jẹ́. Ní 1988, Dókítà Holmes Morton, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Philadelphia, yẹ ìtọ̀ ọmọ Amish kan tí wọ́n ti fún ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wò, ó sì bá GA1 níbẹ̀. Ó wakọ̀ lọ sí Lancaster láti lọ wo ọmọ náà. Nígbà tó dé ọ̀hún, ó rí i pé ọmọ náà kọ́ ló dá ní in, pé ọmọ pọ̀ lágbègbè náà tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ arọ tì kiri, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì sọ ohun tó ṣe wọ́n fún òbí wọn.

Ó tọrọ owó ìwádìí, wọn kò fún un. Òun àti ìyàwó rẹ̀ Caroline ti ń múra láti fi ilé ara wọn yá owó nígbà tí ìwé ìròyìn Wall Street Journal kọ ìtàn wọn ní 1989, tí àwọn òǹkàwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ránṣẹ́. Bí Clinic for Special Children, ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ọ̀tọ̀, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lórí ilẹ̀ oko Amish kan ní Strasburg ni wọ́n kọ́ ọ sí, àwọn Amish àti àwọn Mennonite, ìjọ tó bá wọn tan, fi ọwọ́ ara wọn gbé òpó igi rẹ̀ ró bí wọ́n ṣe ń gbé abà ró, wọ́n sì ri òpó ìso ẹṣin mọ́ ìta rẹ̀. Títí di òní, apá tó pọ̀ nínú owó tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń wá láti ọjà gbàǹjo tí àwọn ìjọ náà ń ṣe lọ́dọọdún, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ ìbora alábùlẹ̀, àga, irinṣẹ́ oko àti oúnjẹ.

Ìdáhùn ìbéèrè yín wà nínú òpó ìso ẹṣin yẹn. Àwọn Amish kò bínú ìṣègùn rí. Ohun tí wọ́n ń sá fún ni kí wọ́n gbára lé ayé tó wà lóde ìjọ wọn, ìdí sì nìyẹn tí púpọ̀ nínú wọn kì í fi gba ìwé ìbánigbófò, owó ọwọ́ wọn àti àpò ìjọ ni wọ́n fi ń san owó ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá sọ pé kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò olówó gọbọi ní ìlú ńlá yóò pẹ́ kó tó rí wọn. Àmọ́ agbẹ̀bí tí wọ́n ti mọ̀ ló ń wá bá wọn ní yàrá tí wọ́n bímọ sí. Iye tí apá wọn ká ni wọ́n ń san. Bí èsì bá sì burú, dókítà kan wà nítòsí tó mọ ohun tó kàn, tó sì mọ ìdílé náà. Lójú tèmi, èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rọrùn. A ó fi aṣọ gbígbóná wé ẹsẹ̀ ọmọ kí ẹ̀jẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀. A ó gún gìgísẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí egungun súnmọ́ ìta jù láàárín rẹ̀. A ó nu ẹ̀kán àkọ́kọ́ nù, a ó sì jẹ́ kí àwọn èyí tó tẹ̀ lé e kán sórí páálí funfun kan tó máa ń fa omi, tí wọ́n ti ya òbírí sí, títí tí ẹ̀jẹ̀ yóò fi kún òbírí kọ̀ọ̀kan tí yóò sì là sí ẹ̀yìn páálí. A ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán, láì sá a sóòrùn, láì yá a níná, lẹ́yìn náà a ó fi í sínú àpò ìwé. Robert Guthrie, tí ọmọ tirẹ̀ náà ní àbùkù ọpọlọ, ló gbé ọgbọ́n páálí yìí jáde nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń bẹ̀rẹ̀, nítorí àrùn mìíràn tí wọ́n ń pè ní PKU. Ìpínlẹ̀ Massachusetts sì sọ ọ́ di òfin ní 1963.

Fún GA1, páálí náà lè gba ọjọ́ mélòó kan kí èsì tó dé. Àmọ́ àrùn kan wà láàárín àwọn Mennonite tí àwọn náà ṣì ń fi ẹṣin rìn, tí kì í fúnni láyè bẹ́ẹ̀. MSUD ni wọ́n ń pè é, ọmọ kan nínú nǹkan bí 380 ló ní in láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn yòókù, ọmọ kan nínú nǹkan bí 185,000 ni. Wọ́n bí ọmọ náà tó pé pérépéré. Tó bá fi di ọjọ́ kẹta yóò kọ ọmú, ara rẹ̀ yóò le gbagidi, etí rẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ yóò máa rùn bíi ṣúgà tó jóná, ọpọlọ rẹ̀ yóò sì máa wú. Nítorí èyí ni Clinic for Special Children fi ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ tó bá dé, dípò kí wọ́n máa dúró de ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti ní in, ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ. Wàrà àkànṣe ni wọ́n fi ń tọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, láti 2004 sì ni àwọn dókítà Pittsburgh ti ń pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún àwọn kan nínú wọn. Ọmọ GA1 ní tirẹ̀ ń jẹ oúnjẹ tí wọ́n dín lysine rẹ̀ kù, bí ibà bá sì mú un, wọn kì í dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó fa omi ṣúgà sí i lára. Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ mọ́ láàárín wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ní jíìnì náà kò dín kù.

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì mi, mo kí yín. Lọ́ńdọ̀nù ni mo bímọ sí. Ní ọjọ́ karùn-ún, agbẹ̀bí wá sílé, ó gún ọmọ mi ní gìgísẹ̀, ọmọ ké títí ohùn fi há. Nínú ìwé tó fún mi ni mo ti rí GA1 àti MSUD. Ọkọ mi ní àrùn òyìnbó ni, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ìyá ọkọ mi sì ń sọ lórí fóònù láti Òṣogbo pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ àrọ́bọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fún àlejò. Ṣé mo lè kọ̀ ọ́ bí mo bá tún bímọ? (Ìyá Àkọ́bí)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ bá mi kí ìyá wa ní Òṣogbo, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ náà kò tó èyí tí abẹ olóòlà ń mú jáde lára ọmọ tó ń kọ ilà.

Ẹ lè kọ̀. Ní England, òbí lè kọ àyẹ̀wò fòníkú-fọ̀ladìde nìkan, ó lè kọ ti ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n ń pè ní cystic fibrosis nìkan, ó sì lè kọ ti ẹṣẹ́ ọrùn nìkan. Ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ́ ti oúnjẹ tí ara kò lè lò, bíi GA1, MSUD àti PKU, a kì í yà wọ́n sọ́tọ̀, bí ẹ bá gba ọ̀kan ẹ gba gbogbo wọn. Ní Pennsylvania náà, òfin gba òbí láyè láti kọ̀ nítorí ẹ̀sìn. Àwọn Amish mọ̀ pé àyè náà wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lò ó.

Ní ti ọ̀rọ̀ ọkọ yín, ẹ sọ fún wọn jẹ́jẹ́ pé jíìnì kì í bèèrè àwọ̀ ara. GA1 wọ́pọ̀ láàárín àwọn Oji-Cree ní Kánádà, ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn alárìnkiri ilẹ̀ Ireland, àwọn dókítà South Africa sì ti rí i lára àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ níye tó yà wọ́n lẹ́nu. England fi GA1 àti MSUD kún páálí wọn ní 2015. Pé wọ́n ń wá àrùn lára ọmọ yín kò túmọ̀ sí pé wọ́n fura sí i. Èyí tó kàn yín jù lórí páálí náà ni fòníkú-fọ̀ladìde. Bí lẹ́tà bá dé pé AS ni ọmọ, àìsàn kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú lẹ́tà náà pamọ́ dé ọjọ́ tí yóò mú àfẹ́sọ́nà wálé.

Bí ẹ bá tún bímọ, ẹ fi ọmọ sọ́yàn kí agbẹ̀bí tó gún un, kí ẹ má sì já a kúrò lọ́mú títí tí yóò fi ṣe tán. Igbe yóò dín.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ Ìbàdàn ni mí, AS ni mí, AS ni ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Ìjọ wa kọ̀, wọn kò so wá pọ̀. Ṣé àwọn Amish náà máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó gbéyàwó? Bí wọn kì í bá ṣe é, tí ọmọ wọn sì ń yè, kí ló dé tí àwa fi ń pín olólùfẹ́ níyà? (Ọ̀rọ̀ Sùnnùkùn)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú kálàmù.

Ní gbogbogbòò, àwọn Amish kì í fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dá ìgbéyàwó dúró. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni wọ́n ka ọmọ sí, ọmọ tó bá sì ní àrùn ni wọ́n ń pè ní ọmọ ọ̀tọ̀, ibẹ̀ ni orúkọ ilé ìwòsàn yẹn ti wá. Àwọn tọkọtaya kan ń yẹ ara wọn wò báyìí, ṣùgbọ́n nítorí kí wọ́n lè mọ ohun tí wọn yóò wá lára ọmọ ní ọjọ́ tí wọ́n bá bí i ni. Ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ ni àyẹ̀wò tiwa dúró sí, orí ẹní ìkúnlẹ̀ ni tiwọn wà. Ẹ má wá fi tiwọn gbè tiyín lẹ́sẹ̀ o. GA1 ní oúnjẹ tí ń dáàbò bo ọpọlọ. SS kò ní irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tiwa kì í ṣe ọ̀rọ̀ èbù igba: ibà ẹ̀fọn ló jẹ́ kí AS pọ̀ láàárín wa, nítorí pé ọmọ tó bá jẹ́ AS kì í tètè kú ikú ibà, ìdí nìyẹn tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin fi ru ú ní Nàìjíríà. Èyí ni kò jẹ́ kí sísá fún ìbátan ràn wá lọ́wọ́. Ará Ìbàdàn àti ará Ọ̀yọ́ tí kò sí ẹbí kankan láàárín wọn ṣì lè pàdé AS méjì.

Ẹ̀yin méjèèjì ni yóò pinnu ti ìgbéyàwó, èmi kò ní bá yín pinnu rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ariwo tí à ń pa ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀, nígbà tó bá wá di pé ọmọ ti wáyé, ẹnu gbogbo wa a pa mọ́. Ọmọ SS kì í fi nǹkan kan hàn ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tó gbé wá láti inú oyún ṣì ń dáàbò bò ó. Àárín àkókò yẹn gan-an ló yẹ ká ti mọ̀ ọ́n. Ní 1986, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé pẹnisílíìnì tí ọmọ SS ń lò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ dín àkóràn apani kan kù ní ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì pẹ́ tí àwọn àgbà oníṣègùn fi ní kí wọ́n máa yẹ gbogbo ọmọ tuntun wò. Ẹ kíyè sí bó ṣe tẹ̀ léra: oògùn ló sọ àyẹ̀wò di ọ̀ranyàn. Mélòó nínú àwọn tí a pè ní Málọmọ́ àti Dúrójayé ni wọn ì bá dúró láìjẹ́ pé a bẹ̀ wọ́n?

Mo ti jẹ́ agbẹ̀bí fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọmọ tuntun wò fún SS, inú wa dùn. Lọ́jọ́ kan mo ṣí dúrọ́ọ̀ láti mú gọ́ọ̀mù, mo bá èsì mọ́kànlá tí wọ́n fi róbà so pọ̀, méjì nínú wọn jẹ́ SS, ó ti tó ọ̀sẹ̀ méje tí wọ́n ti dé. Nọ́ńbà fóònù àwọn ìyá náà kò lọ mọ́, kò sì sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wá wọn délé. Ọ̀kan ń tajà ní ọjà tó wà lẹ́yìn ọgbà wa. Mo fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìkejì, a kò rí i títí tí mo fi kúrò níbẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ra, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọmọ wò láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ má sì dúró kí wọ́n pè yín: ẹ bèèrè ọjọ́ tí èsì yóò jáde, kí ẹ fúnra yín lọ gbà á. Bó bá jẹ́ SS, pẹnisílíìnì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́ta, abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan kò gbọdọ̀ fò ó, ọmọ gbọ́dọ̀ máa sùn nínú àpò ẹ̀fọn, kí ẹ sì ní kí nọ́ọ̀sì kọ́ yín bí a ṣe ń fi ọwọ́ wo abẹ́ ìhà òsì ọmọ, kí ẹ lè mọ̀ bí nǹkan bá ń wú níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbọ́ pé ọmọ Amish kan wà tó ń sùn lábẹ́ iná búlúù lóròòru. Ojú àti ara ọmọ àbúrò mi, tó jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́rin, pọ́n bí osùn. Ṣé irú rẹ̀ ni? (Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Kí ẹ tó ka èyí tán, ẹ sọ fún àbúrò yín kó gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn lónìí.

Àrùn tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ ni Crigler-Najjar. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tó ní in kò lè pa àwọ̀ ofeefee inú ẹ̀jẹ̀ dà, nítorí náà iná búlúù ló gbọ́dọ̀ máa bá a ṣe é, wákàtí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, láti kékeré títí tí wọ́n á fi pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún un. Ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ lóde ayé, ó sì wà láàárín àwọn Amish àti Mennonite ju ibi púpọ̀ lọ.

Kò dájú pé òun ló ṣe ọmọ àbúrò yín. Tiwa tó wọ́pọ̀ jù ni àìtó G6PD, èròjà kan tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, àjogúnbá ni òun náà, ó sì pọ̀ lára ọmọkùnrin Yorùbá. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ní in máa ń yára fọ́ bí nǹkan kan bá kọ lù ú, ara rẹ̀ yóò pọ́n, bí a bá sì fi falẹ̀, àwọ̀ náà lè wọ ọpọlọ kó sọ ọ́ di adití tàbí arọ. Oòrùn àárọ̀ tí àwọn àgbà ń sá ọmọ sí kì í tó, omi glúkóòsì kì í sì í wò ó sàn. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àbúrò yín bóyá ó kó kàfúrà, àwọn hóró funfun tí ń lé kòkòrò, sáàárín aṣọ tó fi ń wọ ọmọ, nítorí òun gan-an wà lára ohun tí ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn. Bó bá wà níbẹ̀, kó kó o dànù, kó tún gbogbo aṣọ náà fọ̀, kó sá wọn sóòrùn títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ, kó sì sọ fún dókítà pé ó ti wọ̀ ọ́ fún ọmọ.